Ìdáhùn fún sájẹ́ńtì kan ní Ìgàndò: iṣẹ́ wo ló kàn lẹ́yìn bárékè?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mí. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ṣe sójà, inú stọ́ọ̀ ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀: oúnjẹ, aṣọ, epo ọkọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbé mi lọ sí Borno. Oṣù kẹjọ rèé tí mo ti fẹ̀yìntì, a sì ti kó kúrò ní bárékè Ọ̀jọ́ wá sí Ìgàndò. Ẹja sísìn ni mo kọ́ ní Òṣòdì kí n tó kúrò, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò sí níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi gírátúítì mi ra dáńfó méjì. Ẹlòmíràn ní kí n wá ṣe ẹ̀ṣọ́ ní ẹ́síteètì kan. Aago mẹ́rin ìdájí ni mo máa ń jí, n kò sì mọ ohun tí mò ń jí fún. Ìyàwó mi á lọ sí ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọ á lọ sí ilé-ìwé, èmi nìkan á ṣẹ́kù. Mo tún ti ń jágbe mọ́ wọn jù. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Sájẹ́ńtì, ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ sì kú ewu Borno.

Gbólóhùn kan nínú lẹ́tà yín wúwo ju dáńfó àti ẹja lọ: ẹ ní ẹ kò mọ ohun tí ẹ ń jí fún. Ní bárékè, bí ẹ bá pẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó ṣí stọ́ọ̀, àwọn kan á ti tò síwájú ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ kò ní rí epo gbéra, ìkòkò kò sì ní gorí iná. Ní Ìgàndò báyìí, bí ẹ bá sùn di ọ̀sán, kò sẹ́ni tí yóò béèrè yín. Owó oṣù wà lára ohun tí ẹ pàdánù lóòótọ́, àmọ́ pé ẹnì kan ń retí yín láàárọ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí màá fi fi ìbéèrè kan ṣoṣo wọn gbogbo ohun tí wọ́n gbé wá síwájú yín: ta ni yóò máa retí yín níbẹ̀, kí sì ni kò ní ṣeé ṣe bí ẹ kò bá dé?

Ẹ jẹ́ ká fi wọn dáńfó ná, torí òun ló sún mọ́ owó yín jù. Kò sẹ́ni tó ń retí onímọ́tò láàárọ̀. Dẹ́rébà ló ń jí lọ sí gáréèjì, àdúrà tirẹ̀ ni pé kí ẹ má yọjú títí di alẹ́ tí yóò mú dílífúrì, ìyẹn owó ojúmọ́ yín, wá. Bí ẹ ṣe jókòó sílé lónìí náà ni ẹ óò ṣe jókòó, ẹ óò kàn máa wo fóònù tìbínú-tìbínú ni.

Ẹ wá mú bíírò. Àpẹẹrẹ ni iye tí mo fẹ́ kọ yìí. Èyí tòótọ́, ẹ lọ béèrè rẹ̀ ní gáréèjì Ìyánà-Ìpájà àti lọ́wọ́ mẹkáníìkì méjì tí wọn kò mọ ara wọn. Ká ní ọkọ̀ àlòkù kan jẹ́ mílíọ̀nù 6 náírà, tí dẹ́rébà sì gbà láti máa mú 20,000 náírà wá lójúmọ́. Ọ̀rẹ́ yín á fi ọjọ́ 26 ṣírò rẹ̀, á ní 520,000 ni lóṣù. Àmọ́ ọkọ̀ àlòkù kì í ṣiṣẹ́ ọjọ́ 26. Ẹ yọ ọjọ́ mẹ́rin fún mẹkáníìkì, ọjọ́ kan fún ọ̀wọ́n epo, ọjọ́ kan fún ìgbà tí wọ́n bá mú un lójú títì. Ó ku 20, ìyẹn 400,000. Táyà, ọ́ìlì, bíréèkì, gíá àti ìwé ọkọ̀ lè jẹ 150,000 nínú rẹ̀. 250,000 ló kù sọ́wọ́ yín. Oṣù 24 gbáko ni owó yín yóò fi padà, bí ẹ́ńjìnnì kò bá kú tí ọkọ̀ kò sì ní ìjàǹbá, ohun tí yóò sì wà lọ́wọ́ yín lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkọ̀ tó ti fi ọdún méjì gbó sí i. Ọ̀rọ̀ òfin tún wà níbẹ̀. Àwọn tó kó owó sórí ọ̀kadà kò tíì gbàgbé ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022, tí ìjọba Èkó fòfin dè é pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà: Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Ẹ̀tì-Ọ̀sà, Erékùṣù Èkó, Lagos Mainland àti Apápá.

Ohun tó ń mú àwọn tó ti ṣe sójà kó sínú dáńfó ni pé wọ́n rò pé dẹ́rébà á gbọ́ àṣẹ. Ní iṣẹ́ ológun, ẹni tó bá kọ àṣẹ mọ ohun tí yóò rí. Dẹ́rébà tí ẹ bá jágbe mọ́, kọ́kọ́rọ́ yín ni yóò jù sílẹ̀, á sì gba ọkọ̀ ẹlòmíràn kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ẹ bá fẹ́ràn ọkọ̀ débi pé ẹ̀yin gan-an lẹ máa wà á, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ọkọ̀ kan ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ gba láísẹ́ǹsì tó bá iṣẹ́ akérò mu lọ́dọ̀ FRSC, kí ẹ sì gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ LASDRI tí Èkó là sílẹ̀ fún awakọ̀ èrò.

Gírátúítì yín ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó sinmi fún oṣù mẹ́fà sí i. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n ti ń sọ ohun tí yóò ṣe fún un lójoojúmọ́ kò tíì ní ojú tí yóò fi wo òwò dáadáa. Ara rẹ̀ á ti wà lọ́nà láti ṣe nǹkan, ohunkóhun tí wọ́n bá sì kọ́kọ́ gbé wá ni yóò dà bí iṣẹ́. Bí owó yín bá ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sí báǹkì kan, torí iye tí NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó inú báǹkì, ń dáàbò bò fún oníbàárà kan ní báǹkì ńlá kan nìyẹn láti ọdún 2024. Apá kan lè lọ sínú bọ́ǹdì onífowópamọ́ ìjọba àpapọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti 5,000 náírà, ti ọdún méjì wà, ti ọdún mẹ́ta wà, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni èlé rẹ̀ sì ń wọlé. Èlé rẹ̀ kì í pọ̀ bí èyí tí àwọn kan ń ṣèlérí lórí fóònù, ìdí tí mo ṣe fọkàn tán an nìyẹn. MMM, ètò tó ń ṣèlérí èrè gọbọi, di owó àwọn èèyàn mọ́lẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2016 nígbà tí ọdún kù sí dẹ̀dẹ̀. CBEX ṣe irú rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. Ẹni tó bá ní òun á sọ owó yín di ìlọ́po méjì láàárín oṣù kan, ẹ má jókòó gbọ́ ọ tán.

Nígbà tí ẹ bá ń tún ọ̀rọ̀ owó ṣe, ẹ wo ìwé penṣọ̀n yín. Orúkọ tó wà lọ́dọ̀ Military Pensions Board, èyí tó wà lórí NIN àti èyí tó wà lórí BVN gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, dórí lẹ́tà tó kéré jù. Orúkọ ẹni tí ẹ kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mọ̀lẹ́bí tó súnmọ́ yín jù náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọmọ ogun ló kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ àpọ́n, tí wọn kò yí i padà mọ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó. Ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni ìyàwó máa ń tó mọ̀.

Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ kò burú, àmọ́ ẹ bá mi wọn òun náà. Ẹni tó ń ṣí géètì fún wákàtí méjìlá, wọ́n ń retí rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ló lè dúró níbẹ̀, ẹ óò sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ kẹta tó pé. Bí ó bá jẹ́ ipò alábòójútó ni, ẹni tó ń pín àwọn ẹ̀ṣọ́ ogún sí ojúkò wọn, tó ń kọ ìwé ìṣẹ̀lẹ̀, tó ń kọ́ àwọn tuntun, ẹ lè gbé e yẹ̀ wò. Ẹ béèrè bóyá ilé-iṣẹ́ náà ní ìwé àṣẹ tí Sífíìlì Dìféǹsì ń bójú tó. Òfin ilẹ̀ yìí kò fàyè gba kí ẹ̀ṣọ́ aládàáni gbé ìbọn. Ẹni tó bá fẹ́ fún yín ní ìbọn nítorí pé ẹ mọ̀ ọ́n lò ń wá ọ̀nà tí ẹ óò gbà dé ẹ̀wọ̀n. Ẹ má sì wọ kámọ́ lọ síbi iṣẹ́ tàbí sí ibikíbi. Ẹ̀ṣẹ̀ ni fún ẹni tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́.

Ti ẹja, ẹ ti dáhùn fúnra yín. Ibùdó NAFRC ní Òṣòdì ti ń kọ́ ọmọ ogun níṣẹ́ ọwọ́ láti ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ohun rere sì ni, àmọ́ oṣù mẹ́fà ẹ̀kọ́ kò de ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Oúnjẹ ẹja nìkan máa ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ìnáwó kòtò ẹja. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀ kì í wọn oúnjẹ, kì í da omi nù lásìkò, ibẹ̀ sì ni èrè ń gbà sá lọ.

Ó wá ku ohun tí ẹ kò kà sí iṣẹ́ nínú lẹ́tà yín. Ẹ ní "inú stọ́ọ̀ ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù", ẹ sì ré e kọjá bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan kan. Sájẹ́ńtì, iṣẹ́ yín nìyẹn. Sójà ni orúkọ ibi tí ẹ ti ṣe é. Láti Ìsọlọ̀ dé Ìlúpéjú, láti Amúwo-Ọ̀dọ̀fin dé Apápá, ilé-ìkẹ́rùsí kún ibẹ̀ bámúbámú: ti oògùn, ti ohun mímu, ti àwọn ohun èlò ọkọ̀, ti àwọn tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó ń pa ọ̀gá ibẹ̀ lẹ́kún ni ẹrù tó ń dín láìsẹ́ni tó mọ bó ṣe dín. Ẹni tó lè fi ọdún púpọ̀ tọ́jú ẹrù kí iye inú ìwé àti iye ilẹ̀ sì bára mu, wọ́n ń wá a kiri.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe rí níbẹ̀. Ọkọ̀ kan dé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wébíìlì, ìwé tó ń sọ iye ẹrù inú ọkọ̀, sọ pé páálí 480 ló kó wá. Òjò ti ṣú. Dẹ́rébà ń pariwo pé àwọn LASTMA á mú òun, àwọn alábàárù ti tò ó sílẹ̀ kíákíá, wọ́n ní ìpele kan jẹ́ páálí mẹ́jọ, ìpele mẹ́fà ní òkè ara wọn, òkìtì mẹ́wàá: 480 pé géérégé, ẹ fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ á fọwọ́ sí i. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á ní kí wọ́n gbé ìpele òkè kúrò lórí òkìtì kan tó wà láàárín, á wo inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń fi ihò sí: páálí yí i ká, àárín ṣófo. Bí òkìtì mẹ́ta bá ní ihò páálí mẹ́rin-mẹ́rin, méjìlá ti lọ, ẹni tó fọwọ́ sí wébíìlì ló sì ni gbèsè rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ti rí irú rẹ̀ pẹ̀lú àpò ìrẹsì.

Ìmọ̀ yín ti tó. Àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyẹn ni kò mọ̀ pé ẹ ní i, nítorí pé èdè bárékè ni CV yín ń sọ. Bí ẹ bá kọ "storeman, QM department, Sgt", ọmọbìnrin tó ń ṣa CV ní Ìkẹjà kò ní mọ ohun tó jẹ́, á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ẹ bá sì kọ "disciplined and loyal", ó ti ka irú rẹ̀ lára igba èèyàn. Ẹ kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ pẹ̀lú iye. Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ óò fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ nìyí: mo bójú tó stọ́ọ̀ oúnjẹ àti aṣọ fún èèyàn tó tó báyìí, fún ọdún báyìí; ọkọ̀ mélòó ni mò ń já lọ́sẹ̀; oríṣi ọjà mélòó ló wà níkàáwọ́ mi; ẹ̀ẹ̀melòó ni mò ń ka ẹrù lọ́dún; èèyàn mélòó ló wà lábẹ́ mi; kí ni àwọn ayẹ̀wéwò rí nígbà tí wọ́n wá. Ojú ìwé méjì ti tó. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ohun ìjà sí i, ẹ má dárúkọ ibi tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ní Borno ju orúkọ ìpínlẹ̀ lọ, ẹ má sì lẹ fọ́tò tí ẹ ti wọ yunifọ́ọ̀mù mọ́ ọn. Àṣírí iṣẹ́ kò parí pẹ̀lú ìfẹ̀yìntì.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́ kí oṣù méjì tó pé: Excel. Ìdí ni pé bíńkáàdì, káàdì iye ọjà tí ẹ fi ọwọ́ kọ fún ọdún púpọ̀, inú kọ̀ǹpútà ló wà níbẹ̀ báyìí. Ẹ kò nílò gbogbo rẹ̀. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ro iye pọ̀ pẹ̀lú SUM, bí wọ́n ṣe ń fi IF béèrè bóyá ọjà ti dín ju iye tó yẹ lọ, bí VLOOKUP ṣe ń wá iye ọjà láti inú tábìlì mìíràn, àti bí pivot table ṣe ń kó ọjà oṣù kan jọ sójú kan. Wákàtí méjì lójúmọ́, láti aago mẹ́rin ìdájí tí ẹ ń jí yẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó. Ẹ lo ohun tí ẹ mọ̀ láti fi dánra wò: ẹ kọ ọjà ṣọ́ọ̀bù ìyàwó yín sínú rẹ̀, èyí tó wọlé, èyí tó jáde, èyí tó kù, kí ẹ sì ka ṣọ́ọ̀bù náà ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú wò bóyá wọ́n bára mu. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ o. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni.

Láptọ́ọ̀pù àlòkù tó ní 8GB RAM àti SSD ti tó fún iṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá lọ rà á ní Computer Village, ẹ má gba èyí tí wọ́n gbé jáde láti inú ọ̀rá lẹ́yìn tí ẹ ti dán òmíràn wò. Èyí tí ẹ fọwọ́ kàn gan-an ni kí ẹ gbé. Ẹ yọ wáyà iná kúrò lára rẹ̀ kí ẹ sì lò ó fún ìṣẹ́jú ogún níwájú wọn, torí bátìrì ni wọ́n fi ń tan èèyàn jù. Ẹ tẹ gbogbo lẹ́tà orí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nípa sáṣáfíkéètì, ẹ ṣọ́ra. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ni láti máa ta ìwé-ẹ̀rí ààbò ìpele kìíní, ìkejì, ìkẹta fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba gírátúítì. Ẹ gba iṣẹ́ ná. Bí ẹ bá ti wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, ẹ óò rí ìwé tí àwọn ọ̀gá yín ní. Èyí ni kí ẹ lọ ṣe. Nínú iṣẹ́ ẹrù, CIPSMN, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ra ọjà fún ilé-iṣẹ́, àti CILT, ẹgbẹ́ àwọn tó ń bójú tó ìrìnnà ẹrù, ni orúkọ tí ẹ óò máa gbọ́ jù.

Báwo ni ẹ óò ṣe rí iṣẹ́ náà? Orí íntánẹ́ẹ̀tì wà, ẹ fi CV síbẹ̀, àmọ́ ẹ má jókòó tì í. Ẹ rántí àwọn kọ́ńtírátọ̀ tó ń gbé ìrẹsì, ẹ̀wà, ọṣẹ àti aṣọ wá sí bárékè. Fún ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi rí yín tí ẹ ń ka ẹrù wọn. Wọ́n mọ̀ bóyá ẹ máa ń gba rìbá tàbí ẹ kì í gbà. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó máa ń dá àpò tó tutù padà, wọ́n lè ti bínú sí yín nígbà náà, ṣùgbọ́n irú yín ni wọ́n á fẹ́ sínú stọ́ọ̀ tiwọn. Ẹ kọ orúkọ mẹ́wàá nínú wọn sílẹ̀, kí ẹ fi àwọn ọ̀gá ológun méjì tó ti fẹ̀yìntì tí wọ́n mọ iṣẹ́ yín kún un. Ẹ má pè wọ́n láti tọrọ iṣẹ́. Ẹ ní: "Iṣẹ́ stọ́ọ̀ ni mò ń wá, Ìsọlọ̀ tàbí Amúwo ni mo fẹ́. Ta ni ẹ mọ̀ tí mo lè lọ bá sọ̀rọ̀?" Ẹni tí kò níṣẹ́ láti fún yín lè dárúkọ ẹnì kan. Ìsọlọ̀ ni mo fi ṣáájú nítorí owó ọkọ̀: láti Ìgàndò, ẹ óò gba Ìkọ̀tún àti Èjìgbò débẹ̀. Apápá lè jẹ ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù yín lójú ọ̀nà, kó tún jẹ ara yín.

Nígbà tí wọ́n bá ń bá yín dúnàá-dúrà, 70,000 náírà ni owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin láti oṣù Keje ọdún 2024. Ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá nìyẹn, ẹni tó ní ọdún mọ́kànlélógún lẹ́yìn kì í bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń san penṣọ̀n. Ilé-iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ san ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lé ìdá 8 tí wọ́n bá yọ lára owó yín.

Ohun tó máa ń lé àwọn tó ti ṣe sójà kúrò nílé-iṣẹ́ aládàáni kì í sábà jẹ́ àìmọṣẹ́. Ọ̀gá yín lè jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Á wá bá yín, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ lè bá mi wo ẹrù yẹn bí ẹ bá ráyè?" Àṣẹ ni ó pa yẹn o. Ohùn rẹ̀ ló rọ̀, aago méjì ọ̀sán ló sì ń retí èsì. Ní ìdàkejì, alábàárù tí ẹ rán níṣẹ́ á dá yín lóhùn padà, á béèrè ìdí. Kò tàbùkù yín. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí kò bá ṣe é, ẹ fi tó ọ̀gá létí. Ìgbátí kan ṣoṣo péré, iṣẹ́ lọ, tésàn ọlọ́pàá sì kàn.

Èyí mú mi dé orí jíjágbe nílé. Pé ẹ ń jí ní aago mẹ́rin kò ṣe mí ní nǹkan kan, ọdún mọ́kànlélógún kò lè fi ara sílẹ̀ láàárín oṣù mẹ́jọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bi ara yín ni èyí: ṣé àlá Borno ló ń jí yín? Bí àwọn ọmọ àdúgbò bá yin bángà, ṣé ẹ máa ń rí ara yín nílẹ̀ kí ẹ tó mọ̀? Ṣé ọ̀nà kan wà tí ẹ kì í gbà mọ́, èrò kan tí ẹ kì í fẹ́ kó wá? Ṣé paraga ni ẹ fi ń sùn? Bí èyí bá ti ju oṣù kan lọ tó sì ń ba àárín yín àti àwọn ọmọ jẹ́, àìsàn tó ní orúkọ àti ìtọ́jú ni, bí ibà ṣe ní. Ẹ lọ sí 68 Nigerian Army Reference Hospital ní Yábà, wọ́n mọ ọ̀rọ̀ ogun níbẹ̀. Ilé-ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ náà wà ní Yábà. Mo mọ ohun tí Èkó ń fi ibẹ̀ pe èèyàn, mo sì ń bẹ̀ yín kí ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dá yín dúró: ọ̀pọ̀ ló ń fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wọlé láàárọ̀, tí wọ́n bá dókítà sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì sun ilé wọn lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí èrò pé kí ẹ pa ara yín tàbí ẹlòmíràn bá wá sí yín lọ́kàn, ẹ má dúró de ọjọ́ kejì. Ẹ sọ fún ìyàwó yín, kí ẹ jọ lọ.

Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ ìnira àìríṣẹ́ṣe ni, ẹ rántí pé ìyá ọmọ yín ló ń darí ilé náà ní gbogbo ìgbà tí ẹ fi wà ní Borno. Ó mọ ìgbà tí gáàsì máa tán, ó mọ ọmọ tí kì í jẹ ẹ̀wà. Ẹ béèrè iṣẹ́ kan lọ́wọ́ rẹ̀ tí yóò jẹ́ tiyín pátápátá: kí ẹ máa mú àwọn ọmọ lọ sí ilé-ìwé, tàbí kí omi àti jẹnẹrétọ̀ wà níkàáwọ́ yín. Ẹ sì ṣe é bó ṣe fẹ́ kí wọ́n ṣe é.

Níta ilé, kí iṣẹ́ tó dé, ẹ lọ sí ìpàdé CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò yín. Gọ́tà, tíráńsífọ́mà, owó ẹ̀ṣọ́ alẹ́, gbogbo rẹ̀ ló nílò ẹni tó ń kọ nǹkan sílẹ̀ tó sì ń jíhìn owó. Ẹ gba akọ̀wé owó tàbí alábòójútó ohun èlò bí wọ́n bá fi lọ̀ yín. Ẹ má gba pé kí wọ́n sọ yín di ẹni tó ń na olè, torí ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ fẹ́ fi sójà ṣe nìyẹn. Olè tí wọ́n bá mú, tésàn ni ibùgbé rẹ̀. Ìpàdé CDA tún máa kọ́ yín ní ohun kan tí bárékè kò kọ́ yín: kí ẹ fi ọ̀rọ̀ yí èèyàn lọ́kàn padà láìní ipò lórí wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì-mẹ́ta, ẹnì kan á ti máa kanlẹ̀kùn yín ní aago méje àárọ̀ láti béèrè ìwé gọ́tà.

Tí iṣẹ́ stọ́ọ̀ náà bá wá bọ́ sí i, wọ́n á gbé ìwé kan síwájú yín lọ́jọ́ kìíní, pé ẹ ti gba ilé-ìkẹ́rùsí àti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n á ní kí ẹ fọwọ́ sí i kí iṣẹ́ tètè bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣe é bí ẹ ṣe máa ń gba stọ́ọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ ní bárékè. Ẹ ní kí ẹni tó ń gbé e sílẹ̀ dúró tì yín, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ ka ohun gbogbo, kódà bó gba ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kọ èyí tó dín, èyí tó ti bàjẹ́ àti èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá sórí ìwé ọ̀tọ̀. Ẹ jọ fọwọ́ sí i, kí ọ̀gá náà fọwọ́ sí i, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sínú fóònù yín. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́.